Pẹ̀lẹ́ Lákọ, Ó Lábo: Àgbéyẹ̀wò Ìlò "Sorry" Lẹ́nu Àwa Ọmọ Nàìjíríà

Ìfáàrà

Díẹ̀ ni ọ̀rọ̀-àpèjúwe inú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnu ọmọ Nàìjíríà mọ́ tó "sorry", díẹ̀ náà sì ni èyí tí olùkọ́ ń tìtorí rẹ̀ bá akẹ́kọ̀ọ́ wí tó o. Bí ènìyàn bá fẹsẹ̀ kọ, "sorry" ni. Bí ó bá sín, "sorry" ni. Bí omi bá dànù lọ́wọ́ rẹ̀, "sorry" ni. Bí ó bá ṣòfò ènìyàn, "sorry" náà ni. Olùkọ́ a ní àṣìlò ni, pé ẹni tí ó bá jẹ̀bi nìkan ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ a gbọ́, a sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jáde ní kíláàsì tí ẹlòmíràn sì kọsẹ̀ níwájú rẹ̀, "sorry" yẹn náà ni yóò tún jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ẹjọ́ yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú iṣẹ́ yìí. Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ méjì tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà ni olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀-àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ní òfin gírámà tirẹ̀. Èkejì jẹ́ ìkíni ilẹ̀ wa tí ó gbé aṣọ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò ṣi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Èyí kò burú púpọ̀, nítorí pé a lè tún un kọ́ ọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le ni pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti ń fara gbá nínú àìyàsọ́tọ̀ náà.

A mọ̀ọ́mọ̀ mú ojú wo Wamakko nínú àlàyé wa. Ní àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Wamakko, ní ìpínlẹ̀ Ṣókótó, ni Dundaye wà, níbi tí ọgbà àgbà Yunifásítì Usmanu Danfodiyo fìdí kalẹ̀ sí. Ní 1975 ni a dá yunifásítì náà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Yunifásítì Ṣókótó, kí a tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1988. Ní irú àwùjọ bẹ́ẹ̀, ọmọ Yorùbá tí ó wá kẹ́kọ̀ọ́ tàbí tí ó wá ṣiṣẹ́ ń bá àwọn elédè Haúsá gbé pọ̀, "sorry" kan náà ni gbogbo wọn sì jọ ń sọ fún ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé àṣìṣe tí Yorùbá dá mú wá láti ilé ni, kí ni ó dé tí Haúsá náà fi ń ṣe é? Ìbéèrè yìí ni yóò ṣamọ̀nà wa.

"Sorry" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-àpèjúwe

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fi ohun tí ó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì fún Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) I am sorry that your father is ill.
(2) I am sorry to hear of the accident.
(3) I am sorry about the noise.
(4) She feels sorry for him.
(5) The road is in a sorry state.

Nínú (1) dé (4), ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni ó gbé "sorry" dúró, yálà "am" tàbí "feels". Olùwà gbólóhùn ni ẹni tí nǹkan ń dùn. Ohun tí ó tẹ̀lé "sorry" ni ó ń sọ ìdí: odidi gbólóhùn ni nínú (1), ọ̀rọ̀-ìṣe ni nínú (2), ọ̀rọ̀-atọ́kùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀-orúkọ ni nínú (3) àti (4). Ní (5), níbi tí "sorry" ti ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ, ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà pátápátá. Ọ̀nà tí ó ti bàjẹ́ débi pé ó ń ṣeni láàánú ni a ń sọ níbẹ̀. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ "a sorry man" nítorí pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ó ti ronú pìwà dà ti ṣìnà, nítorí pé ọkùnrin tí kò já mọ́ nǹkan ni ẹni tí ó ni èdè yóò gbọ́.

Àṣìṣe gidi pọ̀ níhìn-ín tí ó yẹ kí olùkọ́ tọ́ka sí. Ẹ wo méjì:

(6) I sorry for you.
(7) Accept my sorry.

Ìdí tí (6) fi ń jáde kò ṣòro fún onímọ̀ èdè láti rí. Àríyànjiyàn ti pọ̀ láàárín àwọn onígírámà Yorùbá lórí iye ọ̀rọ̀-àpèjúwe tí èdè wa ní, ṣùgbọ́n kò sí iyàn nínú pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá fi ń sọ ọ̀pọ̀ nǹkan tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀-àpèjúwe sọ. "Igi náà ga" pé láìsí ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín. Ẹni tí ó bá gbé ìlànà yìí lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì yóò fi "sorry" ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe bí a ti rí i nínú (6). Ní (7) ẹ̀wẹ̀, ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, nígbà tí ó jẹ́ pé "apology" ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò níbẹ̀.

Gbólóhùn kan tún wà tí gírámà rẹ̀ dúró ṣánṣán ṣùgbọ́n tí ó lè dá ìjà sílẹ̀: "I am sorry for you." Yorùbá lè fi inú rere sọ ọ́ fún ẹni tí ó ń ṣàìsàn, nítorí "Àánú rẹ ṣe mí" ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí Gẹ̀ẹ́sì lè gbọ́ ẹ̀gàn nínú rẹ̀, bí ẹni pé a wo onítọ̀hún láti òkè wá sílẹ̀. "I am sorry to hear that you are ill" ni kò lábùkù. Irú ẹ̀kọ́ báyìí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbà.

Ohun tí kò yẹ kí á kọ́ ọ ni òfin tí a mẹ́nu bà níṣàájú, pé ẹni tí ó jẹ̀bi nìkan ni ó ń sọ "sorry". Òfin yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "sārig" ni ọ̀rọ̀ náà, láti ara "sār" tí í ṣe ìrora ni ó sì ti wá. Ìrora ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀bi ni ó wá bá a lẹ́yìn. Títí di òní, Gẹ̀ẹ́sì tí ó lọ kí ọ̀fọ̀ a máa sọ pé "I am sorry for your loss", kò sì sí ẹni tí yóò rò pé òun ni ó pa òkú.

Pẹ̀lẹ́ àti "sannu"

Níbo wá ni "sorry" tiwa ti yàtọ̀? Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀ tí ó wà nídìí rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ni "pẹ̀lẹ́" ń ṣe nínú èdè Yorùbá. Ó ń sọ bí a ṣe ń ṣe nǹkan: "Rọra máa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́." Ó jẹ́ ìkíni láàárín ẹni méjì tí ó pàdé: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ó sì jẹ́ ìbánikẹ́dùn fún ẹni tí nǹkan ṣe.

Ní Ṣókótó, ẹni tí ó bá fetí sí Haúsá yóò rí i pé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí gan-an ni "sannu" ń ṣe. "Sannu-sannu" ni pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, òwe wọn sì sọ pé "Sannu ba ta hana zuwa", èyí ni pé ìrọra rìn kò ní kí á má dé ibi tí à ń lọ. "Sannu" ni ìkíni, òun ni ó sì bí "sannu da aiki" tí ó bá "ẹ kú iṣẹ́" mu àti "sannu da zuwa" tí ó bá "ẹ káàbọ̀" mu. Bí ènìyàn bá sì fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà, "sannu" náà ni wọn yóò kí i. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni pé bí a bá kọjá lọ sí ìlà-oòrùn Áfíríkà, a ó bá "pole" nínú èdè Swàhílì. "Polepole" ni pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "pole" sì ni a ń sọ fún ẹni tí ó fara pa tàbí tí ó ń ṣọ̀fọ̀. Yorùbá, Haúsá àti Swàhílì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà nínú ìdílé èdè. Síbẹ̀ ọ̀nà kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà.

Kí ni àwọn èdè wọ̀nyí rí tí Gẹ̀ẹ́sì kò rí? Ìdáhùn wà nínú olùwà. Nínú "I am sorry", èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ ni olùwà, ìròyìn ọkàn mi ni mo sì ń ròyìn fún ẹ. Nínú "Ẹ pẹ̀lẹ́", ẹ̀yin tí nǹkan ṣe ni a dojú ọ̀rọ̀ kọ. À ń sọ fún yín pé kí ẹ rọra, kí ẹ má jẹ́ kí ó le ju bí ó ti le lọ. N kò sọ ohunkóhun nípa ara mi. Bí Yorùbá bá fẹ́ ròyìn ọkàn ara rẹ̀, ó ní gbólóhùn mìíràn fún un: "Ó dùn mí", "Ó ká mi lára", "Àánú ṣe mí". Nínú wọn, "mi" tàbí "mí" di àbọ̀, nǹkan ni ó sì ń ṣiṣẹ́ lára ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní "sorry" tí ọmọ Nàìjíríà ń sọ fún ẹni tí ó kọsẹ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀-àpèjúwe. Kò ní olùwà, kò ní "am", ẹni tí ó ń sọ ọ́ kò sì fi í ròyìn ara rẹ̀. Ìkíni ni. Bí olùkọ́ bá fi òfin ọ̀rọ̀-àpèjúwe dá a lẹ́jọ́, ó dà bí ẹni tí ó fi òṣùwọ̀n aṣọ wọn epo.

Òṣùwọ̀n Bámgbóṣé

Bí a bá gbà pé ìlò yìí ti di tiwa, ǹjẹ́ a lè pè é ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó tọ̀nà ní Nàìjíríà? Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé fún wa ní òṣùwọ̀n tí a lè lò nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ tí ó jáde nínú jọ́nà World Englishes ní 1998. Ohun márùn-ún ni ó ní kí á wò kí á tó mọ̀ bóyá ìlò kan jẹ́ àrà tuntun tí ó yẹ ní gbígbà tàbí àṣìṣe: iye ènìyàn tí ó ń lò ó, bí ó ṣe tàn kálẹ̀ tó, irú ènìyàn tí ó ń lò ó, bóyá ó ti wọ ìwé atúmọ̀-èdè tàbí ìwé gírámà, àti bóyá àwùjọ fara mọ́ ọn. Ó fi kún un pé méjì tí ó kẹ́yìn ni ó ṣe pàtàkì jù.

"Sorry" yege nínú mẹ́ta àkọ́kọ́. Àwọn tí ó ń lò ó kò lóǹkà. Ó tàn láti Èkó dé Ṣókótó, bí ọ̀rọ̀ "sannu" sì ti fi hàn, ibi tí ó dé ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí ó ti ń dúró dè é tẹ́lẹ̀. Ìgbò náà ní "ndo". Àwọn tí ó ń lò ó kì í ṣe púrúǹtù nìkan, nítorí pé olùkọ́ tí ó ń fa ìlà pupa sí i lábẹ́ nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ ọ́ bí aya rẹ̀ bá fi ọ̀bẹ gé ọwọ́. Lórí ti ìwé atúmọ̀-èdè, ilẹ̀kùn kò tì pa mọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, Oxford English Dictionary gba ọ̀rọ̀ àti ìlò 29 láti inú Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà wọlé, "next tomorrow" àti "severally" tí àwọn olùkọ́ ti ń fa ìlà sí lábẹ́ tipẹ́tipẹ́ sì wà lára wọn. Ìfaramọ́ ni ó kù, ọwọ́ àwa olùkọ́ ni ìyẹn sì wà.

A gba òṣùwọ̀n yìí gbọ́, ṣùgbọ́n a rí ibi tí kò dé. Ìbéèrè tí a dá a sílẹ̀ láti dáhùn ni pé, "Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni?" Kò bi wá léèrè ohun tí àrà tuntun náà ń ṣe sí èdè tí ó bí i. Fún ẹ̀ka Yorùbá, ìbéèrè kejì yìí ni ó jẹ wá lógún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè dẹjọ́

Kí á tó dé orí ìbéèrè kejì náà, ó yẹ kí á jẹ́wọ́ fún olùkọ́ pé ẹ̀rù rẹ̀ nídìí. Ìtumọ̀ méjì tí ó wà nínú "sorry" ti dá wàhálà sílẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè ńláńlá. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 2001, ọkọ̀ òfuurufú amí ti Amẹ́ríkà kan forí sọ ọkọ̀ òfuurufú ológun ti Ṣáínà nítòsí erékùṣù Hainan. Awakọ̀ Ṣáínà, Wang Wei, bá a lọ. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà balẹ̀ sí Hainan, Ṣáínà sì dá àwọn 24 tí ó wà nínú rẹ̀ dúró. Ṣáínà ní àfi kí Amẹ́ríkà tọrọ àforíjì. Nígbà tí ó di ọjọ́ kọkànlá oṣù náà, lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ aṣojú Amẹ́ríkà, "very sorry" sì wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣáínà sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé Amẹ́ríkà ti tọrọ àforíjì, Amẹ́ríkà sì sọ fún tirẹ̀ pé ìbánikẹ́dùn ni. Wọ́n tú àwọn tí a mú sílẹ̀. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe kan ṣoṣo ni ìjọba méjì jókòó lé lórí, tí oníkálukú sì mú ìtumọ̀ tí ó wù ú.

Ilé-ẹjọ́ náà mọ̀ ọ́n. Ní 1986, ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà ṣòfin pé a kò ní fi ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn tí ènìyàn sọ fún ẹni tí jàm̀bá ṣe gbè é lẹ́sẹ̀ pé ó gbà pé òun jẹ̀bi. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Compensation Act ti ọdún 2006 sọ pé ìtọrọ-àforíjì nìkan kò tó láti fi hàn pé ènìyàn gbà pé òun ṣe àìbìkítà. A kì í ṣòfin lórí ohun tí kò dá wàhálà. Ẹ wá fojú inú wo nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá kan ní ilé-ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Aláìsàn rẹ̀ kérora nígbà tí ó fẹ́ dìde, nọ́ọ̀sì sì kí i ní "sorry, sorry". Ìkíni ni lọ́kàn rẹ̀. Aláìsàn lè máa bi ara rẹ̀ pé, "Kí ni obìnrin yìí ṣe fún mi?" Ẹni tí yóò bá àjèjì ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìkíni náà kì í bá wa kọjá òkun láìyí padà. Ṣùgbọ́n kí a mọ ibi tí a wà yàtọ̀ sí kí a pe ohun tí a ń sọ nílé ní àṣìṣe.

Ohun tí Yorùbá ń pàdánù

A wá dé orí ohun tí ó jẹ wá lógún jù. "Sorry" kò dúró nínú Gẹ̀ẹ́sì wa mọ́. Ó ti wọ inú Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-àyálò, "sọ́rì", ó sì dé pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ọmọ kan tẹ bàbá àgbà kan lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín èrò, tí ẹlòmíràn sì dúró tì wọ́n. Nínú Yorùbá tí kò lábùlà, ẹni tí ó dúró tì wọ́n yóò sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá." Ẹni tí ó tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ lè fi pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi í parí. Yóò dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, yóò ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, n kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é." Bí ó bá sọ pé "Ẹ pẹ̀lẹ́" nìkan tí ó sì ń lọ, bàbá yóò bi í pé, "Ṣé ẹlòmíràn ni ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ ni?" Àwọn àgbà ti wí i pé pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Wọ́n mọ̀ pé ó rọrùn láti fi ìkíni bo ẹ̀bi mọ́lẹ̀, èdè sì ti ṣètò kí ó má baà rí bẹ́ẹ̀. Haúsá náà ṣètò. "Sannu" ni ti ẹni tí ó dúró tì wọ́n. Ẹni tí ó ṣẹ̀ yóò fi "yi haƙuri" kún un, èyí tí ó ń bẹ onítọ̀hún pé kí ó ṣe sùúrù. Bí "má bínú" ṣe ń bẹ ẹni tí a ṣẹ̀ náà nìyẹn.

Lónìí, "Sọ́rì, sà" ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń sọ, ẹni tí ó tẹni lẹ́sẹ̀ àti ẹni tí ó ń wòran bákan náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti gba iṣẹ́ méjì. Èyí kò tilẹ̀ tí ì kan ìkíni ọ̀fọ̀, níbi tí "ẹ kú àṣẹ̀yìndè" ti wà fún ẹni tí ó sin àgbà, tí "ẹ kú ara-fẹ́-ra-kù" sì ń jẹ́ kí olùkíni pín nínú àdánù náà. Bí "sọ́rì" bá rọ́pò gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ kọ́ ni yóò kọ́kọ́ sọnù. Ohun tí yóò kọ́kọ́ sọnù ni ìmọ̀ pé ẹni tí ó ṣẹ̀ ní ohun kan láti sọ tí ẹni tí kò ṣẹ̀ kò ní.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀-àyálò ni a ń bá jà. Yorùbá ti yá "gáfárà" láti ọ̀dọ̀ Haúsá tipẹ́, Haúsá sì gbà á láti inú èdè Lárúbáwá, nínú èyí tí ó jẹ mọ́ ìdáríjì. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, a fún un ní àyè tirẹ̀. Ẹni tí ó ru ẹrù láàárín èrò ń sọ pé "Ẹ gáfárà o", ẹni tí ó fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà náà ń sọ ọ́. Kò lé "má bínú" jáde, kò sì lé "pẹ̀lẹ́" jáde. Àlejò tí ó ní àga tirẹ̀ ni gáfárà. "Sọ́rì" ni àlejò tí ó jókòó lórí àga onílé.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé "sorry" méjì ni ó wà. Èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀-àpèjúwe, kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni ní òfin rẹ̀ dáadáa: ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń gbé e dúró, ohun tí ó lè tẹ̀lé e, àti bí ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe ń yí bí ó bá ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ. Kí ó fi òfin pé ẹlẹ́bi nìkan ni ó ni ín sílẹ̀, nítorí pé òfin náà kò sí. Èyí tí í ṣe ìkíni, kí ó ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ìwà ọmọlúàbí ni, pé ó bá ti Haúsá, Ìgbò àti ọ̀pọ̀ ènìyàn Áfíríkà mu, ṣùgbọ́n pé àjèjì lè ṣì í gbọ́.

Olùkọ́ Yorùbá ni iṣẹ́ rẹ̀ wúwo jù. Nínú kíláàsì tirẹ̀, kí ó má dúró lórí pé "sọ́rì" jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó gbé ọ̀ràn síwájú akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì bi í pé: ta ni ó ṣẹ̀, ta ni a ṣẹ̀, ta ni ó ń wòran, kí ni ó sì yẹ kí oníkálukú wọn sọ? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yìí lè máa sọ "sorry" ní Dundaye tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù bí ó ti wù ú. Nígbà tí ó bá tẹ àgbà lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò mọ̀ pé pẹ̀lẹ́ nìkan kò tó, yóò sì ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi kún un.